Ìjẹ tó jẹ ike tí mo kó o sí

Arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Dallas béèrè ibi tí òun ti lè ra ìwọ̀, èròjà àti ohun ìdì ní owó pọ́ọ́kú fún iṣẹ́ ìjẹ rọ́bà, ìyẹn ìjẹ àtọwọ́dá tí a fi ń pa ẹja, tí òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú gáréèjì ilé òun. Ó tún béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí òun ra ẹgbẹ̀rún méjì páálí ike lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé ẹni tó ń tà á ti dín owó rẹ̀ kù. Láti ọdún 2018 ni mo ti ń da ìjẹ rọ́bà fún títà níhìn-ín ní ìtòsí Houston, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí pé òun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi pa iṣẹ́ yìí tì. Ẹ má tíì rà á.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọkàn mi wà lára ìjẹ fúnra rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, ìrù rẹ̀, bí yóò ṣe máa jó nínú omi. Ohun tí n ó fi dì í, mo kà á sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọkùnrin kan tó ń ta ohun ìdì fún àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ìpara ló fi páálí ike kan hàn mí. Ó mọ́ gara bíi gíláàsì, ó ń ṣí, ó sì ń pa dé bí ìwé. Mo bi í bóyá ó dára fún ìjẹ ẹja, ó ní ike ni ike. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, mo ra 1,500. Nínú oṣù Kẹrin, èmi àti ìyàwó mi jókòó fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a to ìjẹ mẹ́jọ mẹ́jọ sínú 600 páálí, a lẹ orúkọ mọ́ ọn lára, a sì tò wọ́n sórí pẹpẹ inú gáréèjì. Inú mi dùn débi pé mo ya àwòrán wọn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ní Iléṣà.

Nínú oṣù Kẹfà, onísọ́ọ̀bù kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà adágún Conroe ní kí n kó 200 wá. Páálí àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn kò jẹ́ kí n gbé e. Ó lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fipá yà wọ́n, ike tó mọ́ gara nígbà kan ti ṣú, ó ti rọ̀, ó sì ń fà bí ilá láàárín ìka mi. Àwọn ìjẹ inú rẹ̀ ti rì sínú ìsàlẹ̀ páálí, ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ti jinnú bí ẹni pé wọ́n fi iná gbẹ́ ẹ. Mo ṣí òmíràn, bákan náà ni. Mo ṣí ogójì kí n tó gbà pé kò sí èyí tó yè nínú wọn. Ìjẹ 4,800 ni mo dà sínú àpò ìdọ̀tí lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé èyí tí mo gbìyànjú láti bọ́ jáde ti gbé èérún ike mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí. Onísọ́ọ̀bù náà kò pè mí mọ́.

Ohun tó fà á rèé. Plastisol tí a ń dà yìí kì í ṣe rọ́bà tó ti ara igi wá. Lúbúlúbú PVC, tó jẹ́ irú ike kan, ni, tí wọ́n pò mọ́ òróró kẹ́míkà kan tó ń mú un rọ̀. Bí ẹ bá sè é dé nǹkan bíi 350°F, ìyẹn 177°C, lúbúlúbú náà yóò mu òróró yẹn, àpòpọ̀ tó funfun bíi wàrà yóò sì di ohun tó mọ́, tó ń fà, tó sì ń padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n òróró náà kò di ara PVC títí láé. Bí omi ṣe wà nínú kànrìnkàn ló ṣe wà níbẹ̀, bó bá sì fara kan ike mìíràn tó lè gbà á, yóò ṣí lọ síbẹ̀. Polystyrene wà lára àwọn ike tó ń tètè gbà á, polystyrene sì ni páálí mi. Ooru gáréèjì ní Texas wá yára ohun tí ì bá gba oṣù púpọ̀. Ìyá mi ta ẹ̀kọ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ọjọ́ kan tó fi ewé tí kò mọ̀ wé e. Ewé eéran ló mọ̀, ewé eéran ló ń lò. Èmi ọmọ rẹ̀ wá di ìjẹ mi sínú ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ta plastisol fún mi láti béèrè ìdí. Ó dáhùn pé gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sára ìgò? Bákan náà ni àwọn ọ̀gá orí fídíò: wọn yóò lo ogójì ìṣẹ́jú lórí bí a ṣe ń po àwọ̀ ewé mọ́ dúdú, wọn kò ní lo ìṣẹ́jú kan lórí ohun tí a ó kó ìjẹ náà sí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ohun ìdì fún yín, ẹ yí i padà kí ẹ wo nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta tó wà nídìí rẹ̀. 6 ni polystyrene, ẹ sá fún un. 3 ni PVC, òróró ìjẹ lè wọ inú òun náà, ẹ fi í sílẹ̀. 2 àti 4 jẹ́ polyethylene, 5 jẹ́ polypropylene, 1 sì jẹ́ PET. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń lò. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á kò sì lè sọ irú ike tó jẹ́, ẹ dágbére fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kan àpótí tí ẹ̀yin fúnra yín ń kó ìjẹ sí lọ sódò pẹ̀lú. Kí ẹ má sì ṣe kó ìjẹ plastisol pọ̀ mọ́ àwọn tí iléeṣẹ́ Z-Man ń fi ElaZtech, irú rọ́bà mìíràn, ṣe, nítorí pé wọn yóò yọ́ mọ́ra wọn.

Lẹ́yìn páálí, mo bọ́ sí ọ̀rá alátẹ̀pa tó ní nọ́ńbà 4, èyí tó nípọn tó 4 mil (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì). Ó dára, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n òróró náà ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọ̀rá á máa dán bí ẹnu ọmọ tó jẹ àkàrà, ìwé orúkọ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn á sì ṣí. Ohun tó tán ìṣòro yẹn ni kí a lẹ ìwé mọ́ ọ̀rá kí a tó kó ìjẹ sínú rẹ̀, tàbí kí a ṣẹ́ káàdì lé orí ọ̀rá kí a sì fi sítépù dè é. Ọ̀rá alápapọ̀, tí PET wà lóde rẹ̀ tí polyethylene sì wà nínú, ń dá òróró dúró dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì ń lò fún àwọn tó ń lọ sí sọ́ọ̀bù nísinsìnyí. Ẹ rí i pé ihò ìsokọ́ wà lókè rẹ̀. Onísọ́ọ̀bù tí kò rí ibi tí yóò so ọjà yín kọ́ yóò gbé e sí ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kò ti í dé.

Ẹ má ṣe da àwọ̀ pọ̀ nínú ọ̀rá kan. Pupa àti dúdú yóò ta bá funfun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fi iyọ̀ sínú ìjẹ kó lè wúwo, ẹ má ṣe fi ìwọ̀ sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbìyànjú èyí nítorí mo rò pé àwọn oníbàárà yóò fẹ́ràn ìjẹ tí ìwọ̀ ti wà lára rẹ̀. Ìpẹtà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ní ti ìwọ̀, kò le. Ẹ gba ìwé àṣẹ owó orí ọjà títà ti ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fún àwọn aláràtúntà ní ìwé ẹ̀rí pé ẹ fẹ́ fi ọjà wọn ṣe ọjà mìíràn, wọn yóò sì tà á fún yín láìsí owó orí ìpínlẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwọ̀ Mustad, Gamakatsu, Owner, gbogbo wọn ni wọ́n ń tà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìwọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3/0 àti 4/0 ni ẹ ó lò jù fún ẹja bass ilẹ̀ yìí. Plastisol, ẹ ra gálọ́ọ̀nù kan ṣáájú, kí ẹ mì í dáadáa kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé lúbúlúbú rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò. Mold, ìyẹn ohun tí a ń da ìjẹ sí kó lè gba ìrísí rẹ̀, èyí tó jẹ́ alumíníọ́mù dára ju ti sílíkónì lọ bí ẹ bá fẹ́ pọ̀. Èyí tó kù, ọwọ́ yín yóò kọ́ ọ.

Ẹ forí jì mí, ohun kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Kí omi kankan má ṣe kan plastisol gbígbóná, ì báà jẹ́ òógùn láti iwájú orí yín. Yóò ta sókè lójijì, yóò sì lẹ̀ mọ́ awọ ara. Kí ẹ má lo máíkrówéèfù tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ gbóná, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, nítorí pé PVC tó bá jóná ń tú gáàsì tó ń ta imú àti ẹ̀dọ̀fóró jáde. Bó bá jẹ́ pé òjé ni ẹ fẹ́ máa yọ́ fún orí ìwọ̀, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí rárá. Kí ẹ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ wo òfin wọn. New Hampshire, fún àpẹẹrẹ, kò gbà kí a ta orí ìwọ̀ olójé tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ounce kan lọ.

Ní ti kí ẹ rà á láti Ṣáínà, ìṣirò tí àwọn ènìyàn ń gbé kiri ti di ti àtijọ́. Nígbà kan, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ ń wọlé láìsan owó ẹnubodè. Ìyẹn ti dópin fún ẹrù Ṣáínà ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó sì dópin fún gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ẹ ro owó ẹnubodè mọ́ iye ọ̀rá kí ẹ tó sọ pé ó dínwó.

Owó orí tó jẹ́ tiwa gan-an ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó ṣe ìjẹ àtọwọ́dá, tàbí tó gbé e wọlé láti òkèèrè, san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tó tà á. Oníṣirò owó tí mo ń sanwó fún sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá nìyẹn. Irọ́ ni, kò sí ẹni tó kéré jù fún un. Fún ọdún méjì gbáko ni n kò san án, nígbà tí mo sì mọ̀, mo san gbèsè, ìtanràn àti èlé. Mo fóònù sí iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ láti béèrè bí n ó ṣe kọ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n gbé mi láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹnì kan nínú wọn sì bi mí pé kí ni ìjẹ. Fọ́ọ̀mù 720 ni, nọ́ńbà 41 lórí rẹ̀ ni ti ohun èlò ẹja pípa, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a sì ń fi í ránṣẹ́: ìparí oṣù Kẹrin, oṣù Keje, oṣù Kẹwàá àti oṣù Kìíní. Bí ẹ bá ta 300 ọ̀rá ní dọ́là 4 fún sọ́ọ̀bù, dọ́là 1,200 nìyẹn, bí owó orí kò bá sì tíì sí nínú iye yẹn, 120 ni ẹ ó san fún ìjọba. Láti ọdún 1950 ni owó yìí ti ń lọ sí ìtọ́jú ẹja àti odò, n kò sì ráhùn sí ìyẹn, nítorí pé èmi náà ń sọ ọkọ̀ mi sómi níbi tí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe. Oníṣirò owó yẹn ni mo ń bínú sí.

Lórí káàdì yín, ẹ kọ orúkọ ọjà, iye tó wà nínú rẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ yín àti ìlú yín. Ẹ má kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é bí ìwọ̀ Japan bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni òfin ti wà pé gbogbo rẹ̀, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀ yìí wá. Bí sọ́ọ̀bù bá béèrè barcode, àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà, ọ̀dọ̀ GS1, àjọ tó ń pín nọ́ńbà rẹ̀, ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ní sẹ́ńtì díẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà nídìí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí ẹgbẹ̀rún méjì páálí yẹn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín ní márùn-ún, kódà bó bá gba owó wọn. Ẹ kó ìjẹ tí ẹ dà fúnra yín sínú mẹ́rin, gbogbo àwọ̀ tí ẹ fẹ́ tà, kí ẹ fi ìkarùn-ún sílẹ̀ lófìfo kí ẹ lè fi wé wọn. Ẹ tò wọ́n léra wọn, kí ẹ gbé ohun tó wúwo lé wọn lórí, kí ẹ sì kó wọn sínú búùtù ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oṣù Keje àti Kẹjọ ló dára jù fún un ní Dallas. Bí ọkùnrin náà bá ní owó pọ́ọ́kú òun kò lè dúró di ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó tà á fún ẹlòmíràn.