Oyún màlúù méjì wálẹ̀ ní oṣù keje: ṣé kí n fún wọn lábẹ́rẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màlúù 11 ni mo ń sìn lẹ́yìn Ìsẹ̀yìn, mo sì ń ta wàrà wọn. Láàrin oṣù kan, oyún oṣù keje wálẹ̀ lára méjì, ibi ọmọ kò sì jáde. Ṣé kí n ra abẹ́rẹ́ tetracycline ni? Àwọn oníbàárà ṣì ń wá ra wàrà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí oyún bá wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù karùn-ún, tí ibi ọmọ tún kọ̀ tí kò jáde, brucellosis, àrùn màlúù tó máa ń ran ènìyàn pẹ̀lú, ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò àìfojúrí Brucella abortus ló ń fà á. Inú ibi ọmọ màlúù ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù wà, ìyẹn erythritol. Nígbà tí oyún bá ti dàgbà ló máa ń rí i jẹ yó. Ẹ wo ibi ọmọ náà, ẹ má fọwọ́ kàn án o: bó bá ki bí awọ bàtà, ìfura náà le sí i. Ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní leptospira náà ń ba oyún jẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ẹ má ra abẹ́rẹ́ yẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì ni kòkòrò yìí ń sá pamọ́ sí, oògùn kì í lé e tán. Ohun tó ń tan àwọn olówó ẹran jẹ ni pé màlúù náà sábà máa ń tún lóyún, tí yóò sì bí ọmọ tó yè. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ló jẹ́, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ṣì ń bá wàrà rẹ̀ àti omi ìbímọ rẹ̀ jáde.

Lónìí, ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ má fọwọ́ fa ibi ọmọ. Dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, kí ẹ ri ọmọ tó wálẹ̀ àti gbogbo ohun tó bá a jáde mọ́lẹ̀ jìn débi tí ajá kò fi ní hú u, torí ajá ló ń wọ́ àrùn yìí kiri oko. Aláboyún kankan ò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀.

Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, títí kan akọ, fún àyẹ̀wò Rose Bengal, èyí tí wọ́n fi ń wá brucellosis nínú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn lè tọ́ yín sọ́nà. Ẹran tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ lè dà bí ẹni pé kò ní in, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Èyí tó bá ní in, ẹ má tà á fún ẹni tí yóò sìn ín. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran mọ̀ kí wọ́n tó pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára S19 wà fún ọmọ màlúù tó jẹ́ abo, láti oṣù 3 sí 8. Kò sí fún akọ, kò sí fún aláboyún.

Ní ti wàrà, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn oníbàárà yín. Èyí tí wọ́n bá gbé kaná títí tó fi hó dáadáa kò léwu. Nọ́nò tí wọn kò sè ni kí ẹ bẹ̀rù. Kíkan tó kan kò ní kí kòkòrò kú. Bí ibà bá ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹnikẹ́ni nínú yín, tí òógùn ń bò ó lóru, tí oríkèé sì ń ro ó, kó sọ fún dókítà pé òun ń sin màlúù, kí wọ́n má baà máa tọ́jú ibà lásán.