Omi pọ́ńdù tó di àwọ̀ ewé: ẹ jí wọ̀n ọ́n ní ìdájí

Arákùnrin wa tó ń sin ẹja ní Ọ̀yọ́ ní omi pọ́ńdù òun ti di àwọ̀ ewé, ẹpìyà sì ń gbé ẹnu sókè omi ní ìdájí. Ẹnì kan wá bá a wọn ọ́síjìn inú omi náà lọ́sàn-án, ó ní kò sí wàhálà. Wọ́n tún ní kó da copper sulphate, oògùn kópà tí wọ́n fi ń pa ewéko inú omi, sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á.

Ẹni tó wọn omi yẹn ò parọ́, ọ̀sán ló fi wọ̀n ọ́n. Algae tó sọ omi yín di àwọ̀ ewé, ewéko tíntìntín ni, bí oòrùn bá sì ti ń ràn, ọ́síjìn ni wọ́n ń tú sínú omi. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ́síjìn omi náà lè ju èyí tí ẹja nílò lọ. Oòrùn wọ̀ tán, wọn ò tú u mọ́. Àwọn náà á wá máa mí èyí tó wà nílẹ̀, àwọn àti ẹja, àti ẹrẹ̀ tó ń jẹrà nísàlẹ̀ pọ́ńdù. Bí àwọ̀ ewé yẹn bá ṣe ki tó ni ọ́síjìn ṣe máa já wálẹ̀ tó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lọ́dọ̀ tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, òru kan níbẹ̀rẹ̀ òjò ló kọ́ mi. Ojú ọjọ́ ṣú, oòrùn ò yọ, algae bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi tó jẹ́ àwọ̀ ewé lánàá di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, ẹpìyà ti léfòó lọ súà, àrọ̀ tó wà láàárín wọn ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Àrọ̀ lè gba atẹ́gùn lókè omi, ẹpìyà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sin àrọ̀ nìkan kì í fi í tètè mọ̀ pé omi òun ti ń bàjẹ́, àfi tí ẹja bá kọ oúnjẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jí wọn omi.

Ìdájí ni kẹ́ ẹ wọn ọ́síjìn, ní ojú kan náà lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì ri míta tó ń wọn ọ́síjìn wọlé dáadáa, kì í ṣe òkè omi nìkan. Tó bá jẹ́ miligíráàmù 5 nínú lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ 3, ẹ má fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ yẹn, ẹ tan pọ́ǹpù kó máa fọ́n omi sókè.

Bí owó míta ò bá tíì sí, ẹ gé pátákó roboto tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kùn ún ní dúdú àti funfun, ẹ kàn án mọ́ ọ̀pá tẹ́ ẹ ti sàmì sí lára. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Angelo Secchi, ló fi irú rẹ̀ wo omi òkun ní 1865, àwọn tó ń ṣọ́ omi ọ̀sà ṣì ń lò ó dòní. Ẹ rì í títí ojú yín ò fi ní rí i mọ́. Bó bá jẹ́ níbi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 lẹ ò ti rí i mọ́, ó dáa. Tí kò bá tó 20, omi ti ki jù. Ẹrẹ̀ tí òjò gbé wọlé náà máa ń jẹ́ kó kéré, nítorí náà ẹ wo àwọ̀ omi mọ́ ọn.

Ti amóníà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀. Lójú oòrùn, algae máa ń fa carbon dioxide kúrò nínú omi, pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí bí kò ṣe kan, á sì máa gòkè. Amóníà tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù jáde jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan nínú wọn ló burú fún ẹja jù. Nínú omi tó gbóná tó 30°C, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tó burú yẹn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí pH bá di 9, ó ń lọ sí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Amóníà kan náà ni, iye kan náà ni àyẹ̀wò máa sọ, àmọ́ èyí tí ò ṣe nǹkan kan láàárọ̀ lè sun iwájá tí ẹja fi ń mí nírọ̀lẹ́. Ẹ wọn pH àti amóníà pọ̀ nígbà gbogbo, ní nǹkan bí aago mẹ́rin.

Copper sulphate máa pa algae yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Òkú wọn á jẹrà, á fa ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù, kópà náà fúnra rẹ̀ sì lè pa ẹja. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ sínú omi mọ́, torí àwọn ló ń bọ́ algae, kẹ́ ẹ máa fi omi kànga tuntun rọ́pò díẹ̀díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó da omi àtijọ́ nù, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Bí àwọ̀ ewé náà bá léfòó sókè bí ọ̀dà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oríṣi tó ń pèsè májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, omi síse kì í sì í pa májèlé yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí màlúù mu ún, ẹ má sì ṣí i sódò. Odò Ọba tó wà lọ́dọ̀ tiwa, inú Ọ̀ṣun ló ń ṣàn sí, Ọ̀ṣun sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Ohun tó ń bọ́ algae nínú pọ́ńdù yín á bọ́ ọ níbẹ̀ náà. Ilẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa darí omi pọ́ńdù sí, tí kì í bá ti í ṣe irú èyí tó léfòó yẹn.

Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ bá wọ̀n ní ìdájí àti nírọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú bí pọ́ńdù náà ṣe jìn tó àti iye ẹja tó wà nínú rẹ̀. Màá bá yín wò ó.