Ẹ má gbà pé fáìlì bàbá yín ti jóná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bẹ́ ẹ ṣe lè rí ìwé bàbá yín tó ṣe sójà Amẹ́ríkà níbi tí bọ́ǹbù núkílíà ti já bọ́, tí wọ́n bá ní fáìlì ẹ̀ ti jóná, ẹ má tètè gbà o. Èmi gbà, ọdún mẹ́ta gbáko ló bá a lọ.

Palomares ni bàbá ìyàwó mi wà, ní Sípéènì. January 17, 1966, bàálù ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní B-52 kọlu èyí tó ń fún un lépo lójú ọ̀run, bọ́ǹbù mẹ́rin já bọ́, ẹ̀tù inú méjì bú gbàmù, pulutóníọ̀mù, èròjà olóró inú bọ́ǹbù núkílíà, fọ́n ká gbogbo oko tòmátò. Bàbá yìí àtàwọn sójà ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀ yẹn sínú àgbá tó lé ní 4,800 tí wọ́n kó lọ South Carolina. Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wá dé, ọ́fíìsì kan kọ̀wé sí wa pé iná tó jó ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn sójà sí ní St. Louis ní 1973 ti jó tiẹ̀ mọ́ ọn, a sì lọ jókòó. Irọ́ ni! Nínú ìwé àwọn ọmọ ogun òfuurufú, ti àwọn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí 1964 tó wọlé niná yẹn jó, bàbá wa ṣì ń kó iyẹ̀pẹ̀ ní 1966.

Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fún yín níwèé ẹ̀, ẹ má béèrè "gbogbo ìjàǹbá núkílíà," torí èsì tí wọ́n máa fún yín ni pé àwọn ò ní sọ pé ó wà, àwọn ò sì ní sọ pé kò sí. Ẹ dárúkọ ibẹ̀, déètì, ẹgbẹ́ ológun tó wà, kẹ́ ẹ ní ọ́dà tí wọ́n fi rán an níṣẹ́ àti èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ ẹ̀ tí wọ́n fi wá pulutóníọ̀mù lára ẹ̀ lẹ ń wá. Wọ́n bá kọ̀, ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láàárín 90 ọjọ́, mo jẹ́ kí tèmi àkọ́kọ́ kọjá, ó ṣì ń dùn mí.

Èyí tí wọ́n bá sì fún yín náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bọ́ǹbù tó yí bọ́ sókun látorí ọkọ̀ ogun Ticonderoga ní 1965, ìwé ìjọba ní ó ju 500 máìlì lọ sí ilẹ̀, 1989 ló tó hàn pé nǹkan bí 80 máìlì péré ni sí erékùṣù àwọn ará Japan.

Ohun tó gbà wá ni pé orúkọ èèyàn púpọ̀ máa ń wà lórí ọ́dà kan ṣoṣo. Iyè bàbá ti ń ra nígbà yẹn, inú káàdì Kérésì tí màmá tọ́jú la ti rí àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ yẹn sì ní ẹ̀dà tiẹ̀ nílé, orúkọ bàbá wa wà níbẹ̀ ketekete. Òfin PACT ti 2022, tó wà fún àwọn sójà tí nǹkan olóró ṣe lára, ti dárúkọ Palomares àti Thule báyìí, ìyẹn ibi tí B-52 mìíràn já sí ní Greenland, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ó débẹ̀. Tí bàbá yín bá ṣì ń rántí nǹkan, ẹ lọ jókòó tì í lónìí, kẹ́ ẹ bi í pé àwọn wo ni wọ́n jọ sùn nínú àgọ́ kan náà.