Òrùka Ẹsẹ̀ àti Microchip Ayékòótọ́: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òrùka wà lẹ́sẹ̀ odídẹrẹ́ tí mo rà, lẹ́tà àti nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní òrùka náà ni ẹ̀rí pé inú ilé ló ti jáde nínú ẹyin, pé kì í ṣe ẹyẹ inú igbó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irú òrùka tó jẹ́ ló máa sọ. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ rọra yí òrùka náà po. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti pa ẹnu rẹ̀ dé, òrùka ẹlẹ́nu ni. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè fi irú èyí sẹ́sẹ̀ ẹyẹ, títí kan àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó, nítorí náà kò jẹ́rìí ohunkóhun nípa ibi tó ti jáde nínú ẹyin. Bó bá yí po láìsí ojú ìsopọ̀ kankan, òrùka aláìlẹ́nu ni, ọmọ ẹyẹ nìkan ni wọ́n sì ń fi í sí lẹ́sẹ̀.

Ìka méjì ni ayékòótọ́ ní níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹni tó ń fi òrùka sí i á kó ìka iwájú méjèèjì pọ̀ mọ́ èyí tó gùn nínú ti ẹ̀yìn, á ki òrùka bọ̀ wọ́n, á wá tẹ ìka kékeré tó ṣẹ́kù mọ́ ojúgun, á sì fa òrùka kọjá lórí rẹ̀. Igi tín-ín-rín tí kò mú ni yóò fi yọ ìka kékeré náà jáde. Àkókò ló ṣòro jù níbẹ̀. Bó bá yá jù, òrùka á bọ́ sínú ìtẹ́. Bó bá pẹ́ jù, ẹsẹ̀ kò ní wọlé mọ́, ẹni tó bá sì fi agbára ṣe é lè dá ìka ọmọ ẹyẹ. Ti budgerigar, ayékòótọ́ kékeré kan, máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó jáde nínú ẹyin. Odídẹrẹ́ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ̀n inú òrùka tí wọ́n sábà ń lò fún cockatiel, irú ayékòótọ́ kékeré mìíràn, jẹ́ mìlímítà 5.4, ti odídẹrẹ́ sì jẹ́ 11.

Àwọn oníjìbìtì náà mọ èyí. Wọ́n á wá òrùka aláìlẹ́nu tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, wọ́n á fi sí àgbà ẹyẹ. Bí ti ẹyẹ yín bá fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ rẹ́ bọ́, ẹ fura. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà nínú Àfikún Kìíní (àwọn tí wọ́n dáàbò bò jù lọ) ti àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko igbó láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì fi nọ́ńbà inú rẹ̀ wé ti òrùka, lẹ́tà kan sí èkejì.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ ẹyẹ mi wú níbi tí òrùka wà. Ṣé kí n fi pílásì gé e ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Kí pílásì tó gé òrùka ni yóò ti yí i, eegun ojúgun yóò sì dá. Dókítà ẹranko yóò fi gáàsì mú ẹyẹ náà sùn, yóò di òrùka mú gírígírí kó má baà yí, yóò sì gé e níbi méjì tó dojú kọra kó lè já sí ìlàjì méjì.

Èèpo ara tó ti kú ló sábà ń fa wàhálà yìí. Ó máa ń kó jọ sábẹ́ òrùka, á le, á sì há ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà padà sókè. Bí ẹsẹ̀ sì ṣe ń wú ni òrùka túbọ̀ ń fún un. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń yí po, tó sì ń lọ sókè sódò láìfagbára. Ẹyẹ tó ń gé òrùka rẹ̀ jẹ lemọ́lemọ́ tàbí tó ń ká ẹsẹ̀ kan sókè ní gbogbo ìgbà ń sọ̀rọ̀. Bí ìka bá ti dúdú tàbí tó tutù, òní ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dá a dọ̀la.

Ẹ gba ìlàjì òrùka méjèèjì lọ́wọ́ dókítà, pẹ̀lú lẹ́tà tó kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ìdí tó fi gé e. Nígbà tí ẹyẹ ṣì wà lójú oorun náà ni kí ẹ ní kó fi microchip, kápúsù kékeré tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà nínú rẹ̀, sí i lára.

Ìbéèrè: Bí mo bá fi microchip sí ayékòótọ́ mi, ṣé màá máa rí ibi tó wà lórí fóònù?

Ìdáhùn: Ẹ kò ní rí i. Kò ní bátìrì, kò sì ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Kápúsù onígíláàsì kékeré ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á ló ń fún un lágbára nígbà tó bá súnmọ́ ọn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, òun náà á wá fi nọ́ńbà oníòǹkà 15 hàn.

Kí dókítà tó fi sí i, kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ẹyẹ wò, bóyá òmíràn ti wà lára rẹ̀, kó sì ka èyí tuntun nígbà tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ẹran àyà apá òsì ni wọ́n sábà ń gún un sí. Ẹ̀jẹ̀ ni ewu ibẹ̀, torí abẹ́rẹ́ náà nípọn. Nítorí náà ni yóò fi tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí yóò sì fi gúlúù ìṣègùn lẹ̀ ẹ́, kí microchip má baà yọ jáde. Lẹ́yìn náà, kó tún un kà. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó mìlímítà 12. Èyí tó kéré, mìlímítà 8, ni mo fọwọ́ sí fún ẹyẹ. Fún budgerigar, òrùka tó.

Ìforúkọsílẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Nọ́ńbà tí kò sí orúkọ àti fóònù yín nídìí rẹ̀ kò lè dá ẹyẹ padà, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á fún yín.

Ìbéèrè: Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹyẹ mi, wọn kò rí microchip tó wà lára rẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e kúrò nínú kéèjì àti lórí tábìlì onírin, torí irin ń dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ẹ fi tówẹ̀lì wé e, kí wọ́n rọra fi ẹ̀rọ lọ yíká àyà, ẹ̀yìn àti ìdí ìyẹ́, kí wọ́n sì máa yí igun tí wọ́n fi dì í mú padà. Bí kò bá sí nǹkan síbẹ̀, kí wọ́n lo ẹ̀rọ míì: kìlóhẹ́ẹ̀tì 134.2 ni ti òde òní, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ kan ń lo 125, ẹ̀rọ míì kì í sì í kà á. X-ray ló máa parí iyàn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ayékòótọ́ mi fò lọ. Ṣé kí n kọ nọ́ńbà òrùka rẹ̀ sínú ìkéde?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́ tán, àyàfi nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá pè yín pé òun rí i, ẹ ní kó ka mẹ́ta yẹn fún yín.