Porsche 944 tó jókòó pẹ́ tí kò tètè jí: ẹ má tíì fowó pọ́ǹpù ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o. Ẹ ní 944 yín ti wà nílẹ̀ nílé fún oṣù 18, pé àbúrò yín ṣíná fún un lọ́jọ́ Sátidé, ẹ́ńjínì ń yí dáadáa ṣùgbọ́n kò jí àfi ní ìgbà kẹrin, mẹkáníìkì sì ti ní kí ẹ fowó pọ́ǹpù epo àti nọ́sùlù mẹ́rin (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjínì) ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Èmi náà wà lókè òkun nígbà tí tèmi dá irú èyí sílẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ra pọ́ǹpù tuntun, ọkọ̀ ò sì yí padà. Réléè kan, súíṣì kékeré oníná tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ló ń fìyà jẹ wá.

Kí àbúrò tó tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ bi í léèrè: ọdún wo ni wọ́n pààrọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀tì (bẹ́ẹ̀tì tó ń mú kí písítìnì àti fáàfù ṣiṣẹ́ ní ìbámu) kẹ́yìn? Ọjọ́ orí ń jẹ bẹ́ẹ̀tì yìí, kódà bí ọkọ̀ ò bá rìn. Bó bá já lórí 944, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ ó sì tú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rántí ọdún náà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìbòrí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo. Kí ó ṣí ìdérí táńkì, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́, kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì pààrọ̀ fílítà, torí ohun tó fúyẹ́ nínú epo, tó máa ń tètè gbiná nígbà tí ẹ́ńjínì bá tutù, ló kọ́kọ́ ń fẹ́ lọ.

Bátìrì ò gba àlàyé púpọ̀. 12.6 fóólìtì ni kó kà nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Bó bá ti wálẹ̀ ju 12.2 lọ, kí wọ́n cháàjì í kí wọ́n tó dán ohunkóhun wò. Bí ẹ́ńjínì bá ń yí, kí ó má wálẹ̀ ju bíi 10 lọ. Kí wọ́n ha gbogbo ìdọ̀tí funfun tó bá wà lórí bátìrì kúrò. Kí sítátà má sì ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan; kí ó sinmi kó tó tún un ṣe, torí ó máa ń gbóná gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Ẹ pe àbúrò lórí fídíò, kí ó gbé fóònù sí iwájú abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjínì, kí ó wá ṣíná. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjínì ti ń yí, ọpọlọ ọkọ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjínì) ń rí i pé ẹ́ńjínì ń yí. Bó bá dúró gbọnin lórí òdo, ẹ fura sí réléè, sí sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń sọ fún ọpọlọ pé ẹ́ńjínì ń yí, tó wà lẹ́bàá fùláwíìlì, tàbí sí wáyà tí eku ti jẹ. Pọ́ǹpù 944 kì í dún tí ẹ bá kàn tan kọ́kọ́rọ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀; ó di ìgbà tí ẹ́ńjínì bá ń yí. Ẹni tí kò mọ èyí á tẹ́tí sí i, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á sì ní pọ́ǹpù ti kú. Bí tèmi ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Réléè yẹn, tí wọ́n ń pè ní réléè DME (DME ni orúkọ ọpọlọ ọkọ̀ náà), tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ló ń fún ọpọlọ àti pọ́ǹpù níná. Òjé inú rẹ̀ máa ń sán bó bá ti gbó. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì fi ọ̀kan pa mọ́ sínú ọkọ̀.

Àmọ́ tiyín jí nígbẹ̀yìn, ìdí nìyí tí ọkàn mi fi lọ síbi pé epo ń sá padà sí táńkì nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Kí rìwáyà tó mọṣẹ́ yọ réléè náà, kí ó fi wáyà tó ní fíúùsì so ojú ihò 30 pọ̀ mọ́ ojú ihò 87b níbi tí réléè ti jáde, fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Pọ́ǹpù á dún. Kí ẹnì kan máa wo gbogbo rọ́bà epo nígbà náà, torí rọ́bà tó ti sán lórí ọkọ̀ yìí máa ń dáná sun ún. Kí ó dá réléè padà, kí ó ṣíná. Bó bá jí lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé epo ò dúró lójú ọ̀nà. Kí wọ́n wá fa rọ́bà kékeré tó wà lórí régúlétọ̀ epo (ohun tó ń ṣàkóso agbára tí epo fi ń lọ) yọ. Bí epo bá wà nínú rẹ̀, awọ inú régúlétọ̀ ti ya. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ fáàfù kékeré ẹnu pọ́ǹpù, tí kì í jẹ́ kí epo sá padà, tó ṣeé rà lọ́tọ̀ láìra pọ́ǹpù.

Kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí àbúrò wá tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀ láìṣíná, kí ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ó ya fọ́tò wọn. Èyí tó bá tutù fún epo láàárín àwọn tó gbẹ, nọ́sùlù tirẹ̀ ló ń jò, ìyẹn nìkan ni ẹ ó rà. Ẹ fi fọ́tò náà àti fídíò abẹ́rẹ́ yẹn ránṣẹ́ síbí, mo máa wò wọ́n lálẹ́.