Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Wá Ìrànlọ́wọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà Lọ́dọ̀ Ẹni Tí Kò Rí Ẹ̀rọ Wa

Àwọn lẹ́tà tí a mú fún oṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń wá ojútùú ìṣòro wọn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo fi VB.NET, èdè ìkọ-ètò kan, kọ ètò ìtajà kan fún ìyá kan tó ní ilé ìtajà oògùn ní Bódìjà. Inú fáìlì Access, ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ti Microsoft, ni iye ọjà àti owó wà. Lórí láàpútọ́ọ̀pù mi, kò sí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀ láti ṣí. Mo fi fóònù ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà, mo gbé e sí Stack Overflow, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akọ-ètò ti ń béèrè ìbéèrè, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ètò mi kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ tètè gbà mí nítorí pé oníbàárà mi ti ń bínú. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ti ìbéèrè náà pa. Ẹnì kan ní kí n mú «minimal example» wá, àwọn mìíràn sì kàn dìbò lòdì sí i. Ṣé wọn kò fẹ́ràn àwa ará Nàìjíríà ni? — Akọ-ètò, Agbówó

Ẹ má ka èyí sí ọ̀rọ̀ ìlú tàbí àwọ̀. Ohun tí ẹni tó ti ìbéèrè yín pa rí kò ju àwòrán bàìbàì kan àti gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n dá Stack Overflow sílẹ̀, èrò tó sì wà nídìí rẹ̀ ni pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti ìdáhùn rẹ̀ yóò máa ṣe àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lóore. Nítorí náà, ìbéèrè tí kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ẹni tó béèrè rẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo gbà pé ọwọ́ wọn le, àti pé àwọn kan níbẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a tì kò tíì parẹ́. Bí ẹ bá tún un kọ dáadáa, ó lè padà sí iwájú àwọn tó ní àṣẹ láti ṣí i.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè ọ̀nà Bódìjà lórí fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bóyá Mọ́kọ́lá ni òun dúró sí tàbí Ìwó Road. Àwòrán tí ẹ yà kò sọ ibi tí ẹ dúró sí. Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ kò lè da kóòdù kọ láti inú rẹ̀, ẹni tó ń wá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ lórí Google kò sì ní rí i. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé nígbà tí àpótí àṣìṣe Windows bá yọ, tí ó ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, títẹ Ctrl àti C pọ̀ tó láti da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a bá fẹ́. Ó rọrùn ju yíya àwòrán lọ, kò sì ná yín ní dátà tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbìyànjú títí mo fi rí ọ̀rọ̀ yìí kà nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa: «The 'Microsoft.ACE.OLEDB.12.0' provider is not registered on the local machine». Gbólóhùn yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ti ń lo fáìlì Access tipẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ètò yín ń wá ohun èlò tí yóò bá a ka fáìlì náà, kò sì rí i. Ó lè jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ rárá, bí wọn kò bá fi Office sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ó sì lè jẹ́ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan jẹ́ bíìtì 32 tí èkejì sì jẹ́ bíìtì 64, nítorí ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní bíìtì 64 kò lè lo ohun èlò bíìtì 32. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: Windows bíìtì 64 lè gbé Office bíìtì 32, nítorí náà wíwo Windows nìkan kò tó. Bí ẹ bá fi «Any CPU» sílẹ̀ nínú Visual Studio, ibi tí ẹ ti ń kọ ètò yín, tí ẹ kò sì fi àmì sí «Prefer 32-bit», bíìtì 64 ni ètò yín yóò máa lò lórí Windows bíìtì 64. Bí Office tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ bíìtì 32, ẹ yí i sí «x86», ìyẹn bíìtì 32. Bí kò bá sí Office níbẹ̀ rárá, ẹ gbé Access Database Engine, ohun èlò tí à ń sọ yìí, èyí tó bá ètò yín mu, sórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ kíyè sí i pé èyí tó jẹ́ bíìtì 64 máa ń kọ̀ láti wọlé síbi tí Office bíìtì 32 bá ti wà.

Gbogbo ìdáhùn yìí dúró lórí ohun tí kò sí nínú ìbéèrè yín: bíìtì mélòó ni Windows, bíìtì mélòó ni Office, àti ohun tí ẹ yàn nínú Visual Studio. Ká ní báyìí ni ẹ kọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì kúkurú, ẹnì kan ìbá ti dá yín lóhùn: «Visual Studio 2019 ni mo fi kọ ètò mi ní VB.NET. Ó ń ṣí fáìlì .accdb lórí Windows 10 bíìtì 64 tó ní Office bíìtì 64. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, tí Windows rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64 ṣùgbọ́n tí Office rẹ̀ jẹ́ bíìtì 32, ìlà connection.Open() ló ń gbé àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí jáde. Any CPU ni mo yàn. Mo ti yọ Office, mo tún un gbé sórí rẹ̀, kò yí padà.»

Ní ti «minimal example» tí wọ́n béèrè, ìyẹn kóòdù tó kéré jù lọ tó ṣì ń gbé àṣìṣe náà jáde, ẹ ṣí project tuntun, ẹ fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí i, kí ẹ sì kọ àwọn ìlà tó ń ṣí fáìlì náà sábẹ́ rẹ̀, láìfi ojú ewé ìtajà, rìsíìtì tàbí ìṣírò owó kún un. Bí àṣìṣe náà bá ṣì yọ, ìyẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí kò bá yọ mọ́, inú ohun tí ẹ yọ kúrò ni ó wà, ẹ sì lè má nílò láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ ti ń gé kóòdù náà, ẹ yọ password kúrò nínú connection string, ìlà tó ń sọ bí ètò yóò ṣe ṣí fáìlì náà, kí ẹ sì fi orúkọ mìíràn rọ́pò orúkọ àwọn tó ń ra oògùn. Oògùn tí ènìyàn ń lò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba, òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn tó gba ìṣọ́ra jù. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìbínú oníbàárà náà pẹ̀lú. Mo bá yín kẹ́dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń dáhùn láìgba kọ́bọ̀ kò jẹ oníbàárà yín ní gbèsè.

Ẹ kú làálàá, Olóòtú. Olùkọ́ ni mí. Mo fi C#, èdè ìkọ-ètò mìíràn, kọ ètò tó ń ṣe ìwé àbájáde ìdánwò fún ilé-ìwé wa. Bí mo bá ní kí ó ṣe ti gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, fèrèsé rẹ̀ á funfun, á sì kọ «Not Responding» sókè. Mo béèrè nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan bí mo ṣe lè fi àwòrán tó ń yí síbẹ̀, kí àwọn olùkọ́ yòókù má baà rò pé ó ti kú. Wọ́n fún mi ní kóòdù rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà kì í yí. — Olùkọ́, Challenge

Wọ́n dá yín lóhùn ohun tí ẹ béèrè, mà, àmọ́ ẹ kò sọ ohun tó ń yọ yín lẹ́nu fún wọn. Ojútùú tí ẹ ti rò sílẹ̀ ni ẹ gbé lọ bá wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé fèrèsé yín ń dákú. Nínú Windows Forms, ohun èlò tí a fi ń ṣe fèrèsé ètò, thread (ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà lọ lẹ́sẹẹsẹ) kan ṣoṣo ló ń ya fèrèsé, òun náà ló sì ń gbọ́ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí ẹ bá gbé ìṣírò gbogbo kíláàsì lé e lórí, kò ní ráyè ohun mìíràn títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Bí ó bá sì tó bí ìṣẹ́jú àáyá 5 tí fèrèsé kò dáhùn, Windows á kọ «Not Responding» sí i. Ọwọ́ thread yẹn kan náà ni àwòrán yín wà, ìdí nìyí tí òun náà fi dúró gbagidi. Ẹ gbé ìṣírò náà sínú Task.Run, tó ń gbé iṣẹ́ fún thread mìíràn, kí ẹ sì fi await dúró dè é. Await ti wà nínú C# láti ọdún 2012. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan label tàbí àpótí ọ̀rọ̀ kankan láti inú Task.Run, kí «Cross-thread operation not valid» má baà tún yọ sí yín. Ẹ̀yìn await ni kí ẹ ti kọ àbájáde sójú fèrèsé.

Nígbà mìíràn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ètò náà ṣe àti ohun tí ó ń ṣe, kí ẹ tó wá mẹ́nu kan ọgbọ́n tí ẹ dá sí i. Ní ti WhatsApp, ó dára fún ìbéèrè kúkurú, ṣùgbọ́n ó máa ń ba kóòdù jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín àmì * méjì á di dúdú kirikiri, èyí tó wà láàárín àmì _ méjì á tẹ̀, àwọn àmì náà á sì pòórá, kóòdù tí ẹnì kejì rí kò ní jẹ́ èyí tí ẹ kọ mọ́. Ẹ fi àmì ` mẹ́ta síwájú kóòdù náà àti mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan án. Kí ẹ sì tètè da ìdáhùn kọ síbòmíràn, nítorí àdúrà oṣù tuntun àti ìkíni ọjọ́ ìbí kì í pẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, mo ń kọ ètò tó ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ìjọ wa, C# àti SQL Server, ibi ìpamọ́ dátà ti Microsoft, ni mo ń lò. Àwọn lẹ́tà kan nínú orúkọ ń di àmì ìbéèrè. Àwọn orúkọ mìíràn hàn dáadáa, àmọ́ bí mo bá wá «Bọ́lá», ètò á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé àmì ohùn fún òyìnbó tí yóò ràn mí lọ́wọ́? — Òkè-Bọ́là

Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ìṣòro méjì ni ẹ ní, ẹ béèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àmì ìbéèrè rọrùn: ó jọ pé varchar, irú àyè ọ̀rọ̀ kan nínú SQL Server, ni ẹ fi ṣe àyè orúkọ, kì í sì í sábà ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ yí i sí nvarchar, tó gbà wọ́n. Bí ẹ bá sì ń kọ orúkọ tààrà sínú SQL, lẹ́tà N gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn orúkọ tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ óò tún wọn tẹ̀ ni, nítorí ohun tó ti di àmì ìbéèrè kò lè padà fúnra rẹ̀.

Ti ìwákiri ni ó gba ọgbọ́n. Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ọ, ó ní òmíràn fún ó, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ́. Nítorí náà, kíbọọ̀dù kan lè kọ ọ́ ní U+1ECD (ọ) àti U+0301 (àmì ohùn òkè), kí òmíràn kọ ọ́ ní o lásán, U+0323 (àmì tótó abẹ́) àti U+0301. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ C# rí i. Ohun tí ẹ óò fi béèrè nìyẹn: ẹ jẹ́ kí ètò tẹ nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, kí ẹ kọ ti orúkọ méjèèjì sábẹ́ ara wọn, kí ẹ sì béèrè ìdí tí == fi ń sọ pé wọn kò dọ́gba. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí yóò dá yín lóhùn, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, irú ìṣòro yìí kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ohun tí wọn yóò sọ fún yín ni Normalize(), àṣẹ C# tó ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan: ẹ lò ó kí ẹ tó fi orúkọ pamọ́ àti kí ẹ tó wá a. Ohun kan wà tí wọ́n lè má mọ̀, nítorí tiwa ni: àwọn kan máa ń fi ìlà òró kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tótó. Normalize() kò ní ka méjèèjì sí ọ̀kan. Ẹ fi Replace yí i sí U+0323 ná.

Ṣé kò ní dára kí n kúkú máa béèrè lọ́wọ́ ChatGPT, tí kì í bú èèyàn? — Àpáta

Ẹ máa béèrè, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àṣìṣe kan ń sọ. Ó máa ń dárúkọ iṣẹ́ tí kò sí nínú èdè tí ẹ ń lò nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ dán ìdáhùn rẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á. Ẹ má kàn gbé e lọ fi dá ẹlòmíràn lóhùn ní Stack Overflow. Wọ́n ti ka ìyẹn léèwọ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Mo ti rí ojútùú ìbéèrè mi fúnra mi kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Ṣé kí n pa ìbéèrè náà rẹ́? — Mọ́níyà

Rárá o. Ẹ kọ ojútùú náà sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, wọ́n gbà á láyè. Ẹ má kọ pé «mo ti rí i, ẹ ṣeun» lásán, ẹ kọ ìlà tí ẹ yí padà àti ìdí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ẹ óò dúró kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ fi àmì ìtẹ́wọ́gbà sí ìdáhùn tiyín.