Ogún tí Madam C. J. Walker fi sílẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ nìkan ni Madam C. J. Walker fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún. Rárá o. Obìnrin yìí, tí àwọn òbí tó ti ṣẹrú rí bí ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1867, fọ aṣọ oníaṣọ títí kí ó tó di oníṣòwò ìpara irun. Ní ọdún 1919, nígbà tí àìsàn kíndìnrín ti dá a dùbúlẹ̀, ó ṣèlérí 5,000 dọ́là fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, láti gbógun ti pípa tí wọ́n ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú láìsí ìdájọ́. Oṣù Karùn-ún ọdún náà ló kú, lẹ́ni ọdún 51. Ìwé ìhágún rẹ̀ ló wú mi lórí jù: ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè ilé iṣẹ́ ìpara irun rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n máa fi ṣàánú, bí A'Lelia ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ni ó gba ipò ààrẹ ilé iṣẹ́ ọ̀hún.